Fọ́tò Rẹ̀ Wà Lọ́wọ́ Mi, N Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*

*Bíbélì kíkà:* Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3:1-10
*Ẹ tún wo:* Jẹ́nẹ́sísì 16:7-13, Máàkù 10:46-52, Mátíù 6:1-4

  

Àwa tí à ń gbé Pleasure kì í sábà ronú sí orúkọ àdúgbò wa. Kọ̀ńdọ́ á máa pariwo "Pleasure! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!", àwa náà á sáré wọkọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ òyìnbó mọ̀ pé ìgbádùn àti fàájì ni orúkọ yẹn ń sọ. Ẹ wá wo bọ́sìtọ́ọ̀pù wa ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni yàrá wọn. Páálí ni bẹ́ẹ̀dì, báàgì Ghana-must-go ni ìrọ̀rí. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, wọ́n á ti ká páálí wọn kúrò kí oníṣọ́ọ̀bù má baà bínú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa tó ń jáde ní aago méje kò fi rí wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe ìtàn tó gbé mi ga, ṣùgbọ́n ó lè ran ẹnì kan lọ́wọ́.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ mídíà ìjọ wa. Mo ra kámẹ́rà tòkúnbọ̀ kan, mo sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò. Ẹni tó ń kọ́ mi sọ pé ìmọ́lẹ̀ ìdájí ló dára jù, pé kí n máa jáde kí oòrùn tó le. Mo gbọ́rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Lagos sí Abẹ́òkúta, mo rí obìnrin kan tó sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù. Iná mọ́tò kan tàn sí i lójú, ìmọ́lẹ̀ yẹn rẹwà gan-an. Mo ya á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò kí i, n kò dúró, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀kan sórí ìkànnì WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá ní òrùlé lórí máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn èèyàn fèsì: "Àmín," "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀," "Ẹ̀bùn ńlá lẹ ní o, ẹ ò ṣe kéré." Inú mi dùn. Àwọn kan fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn.

Ìgbà tó di alẹ́, Ìyá Ìjọ pè mí. Wọn kò yìn mí, wọn kò sì bá mi wí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyá tó wà nínú fọ́tò yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Tó o bá ti mọ̀, kí o sọ fún mi." Wọ́n sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ará, n kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń jáde wá a. Ọjọ́ kejì, n kò rí i. Ọjọ́ kẹta, ìyá alákàrà kan sọ fún mi pé wọ́n ti lé àwọn tó ń sùn níbẹ̀, kí n lọ wo abẹ́ afárá Ìyànà-Ìpájà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Mo ti fi kámẹ́rà sílé. Bó ṣe rí mi tí mò ń bọ̀ tààrà, ó ti gbé ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìjọba ló rán ẹ?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní rárá, mà, mo wá bẹ̀ yín ni. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi? Mo ń sùn, o wá ń yà mí? Àwọn wo ló ti rí i?"

Mo ní àwọn ará ìjọ ni. Mo rò pé ìyẹn á tù wọ́n nínú. Àṣé ìyẹn ló máa bà wọ́n nínú jẹ́ jù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èèyàn wa pọ̀ ní Alímọ̀ṣọ́ yìí. Àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi nílé. Mo sọ fún wọn pé mo ní yàrá ní Èkó. Mò ń fowó ránṣẹ́ sí wọn. Tí ẹnì kan bá wá fi fọ́tò yẹn han ìyá mi ńkọ́?"

Ẹnu mi wọhò. Ohun tí mo pè ní fọ́tò tó dáa ni àṣírí tí ìyá kan ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ bò nítorí àwọn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe dé ìta. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Láńlọ́ọ̀dù fi owó kún owó ilé, ó sì ní ọdún méjì lòun fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó oṣù mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó ẹrù wọn síta. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n: òfin ilé gbígbé tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbalé. Ẹni tó sì ti ń gbénú ilé, tó jẹ́ pé ọdọọdún ló ń san, wọn kò gbọdọ̀ béèrè ju ọdún kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin wà, àmọ́ ìyá yìí kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Mo wá bi wọ́n pé, "Mà, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Wọ́n ní, "Pa á rẹ́." Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Tó o bá tún fẹ́ ṣe ojúure, bá mi wá ibi tí mo lè gbé ẹrù yìí sí lọ́sàn-án. Ilé oúnjẹ kan fẹ́ kí n máa wá fọ abọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó ń gbé báàgì kiri kò lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn."

Ẹ gbọ́, ká ní ẹ bi mí ṣáájú, màá ní owó ni wọ́n nílò, tàbí oúnjẹ, tàbí aṣọ. N kò lè rò ó láéláé pé ibi tí wọ́n máa gbé báàgì sí ló ń dí wọn lọ́nà iṣẹ́. Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Odò. Ọjọ́ yẹn gan-an ni báàgì yẹn wọ ẹ̀yìn kántà wọn, wọ́n sì fún ìyá náà ní omi ìwẹ̀.

*Ẹnu-Ọ̀nà Dáradára*

Ẹ jẹ́ ká padà sínú Bíbélì wa. Tẹ́ńpìlì ní ẹnu-ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Dáradára. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé ọkùnrin kan tó yarọ látinú ìyá rẹ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́ láti tọrọ báárà. Orúkọ ibẹ̀ dára, ìyà sì jókòó síbẹ̀. Ṣé kò jọ Pleasure wa?

Orí 4 ẹsẹ 22 sọ pé ọkùnrin náà ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ẹ ronú sí iye èèyàn tó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ jọ́sìn. Àwọn mìíràn á ti ju owó sí i, ojú wọn á sì wà níbòmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí Pétérù àti Jòhánù ṣe, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ìwòsàn, ni pé wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n sì ní kí òun náà wo àwọn. Lẹ́yìn náà ni Pétérù fà á lọ́wọ́ ọ̀tún dìde.

Èmi náà tẹjú mọ́ ìyá yẹn ní Pleasure, ṣùgbọ́n láti inú kámẹ́rà ni. Mo rí i, òun kò rí mi. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sí bí ọ̀rọ̀ ṣe fẹ́ wà láàárín wa nígbà tí òun ń sùn tí èmi sì fara pamọ́.

*Àwọn tó padà lọ*

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ ó rántí TY Bello, ayàwòrán àti olórin wa. Lọ́dún 2016 ó ń ya olórin Tinie Tempah ní títì Èkó, obìnrin kan tó ru búrẹ́dì sì kọjá sínú fọ́tò náà. Nígbà tí fọ́tò jáde, àwọn èèyàn ń béèrè pé ta nìyí. TY Bello lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá a kiri títí ó fi rí i: Ọlájùmọ̀kẹ́ Òrìṣàgúnà, ẹni ọdún 27, ìyá ọmọ méjì, tó wá ṣòwò ní Èkó láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó tún un yà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìmọ̀ àti ìfẹ́ inú rẹ̀, ó sì di ẹni tí wọ́n gbé sójú ìwé ThisDay Style. Ṣé gbogbo ẹni tí a bá yà ló máa di gbajúmọ̀? Rárá o, kò sì pọn dandan. Ẹ̀kọ́ tí mo mú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ya fọ́tò padà lọ béèrè orúkọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yàtọ̀ sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1936, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Dorothea Lange ń wakọ̀ lọ sílé ní California, ní Amẹ́ríkà. Ó kọjá ibùdó àwọn tó ń ká ẹ̀wà. Ó ti rìn tó nǹkan bí ogún máìlì kí ọkàn rẹ̀ tó sọ fún un pé kó padà, ó sì padà. Ó ya ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ àgọ́. Òtútù ti ba ẹ̀wà oko jẹ́, kò síṣẹ́, ebi ń pa wọ́n. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò náà, ìjọba sì fi oúnjẹ tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí ibùdó yẹn. Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó dé, ìyá tó wà nínú fọ́tò àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Lange kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ọdún 1978 ni ayé tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ni. Ó ti darúgbó nígbà náà. Ó ní òun ì bá fẹ́ kí wọ́n má ya òun, àti pé òun kò rí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kò bọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta ló wọ̀ mí lára jù. Diana Kim, ọmọ Hawaii, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn aláìnílé lọ́dún 2003, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 2012, láàárín àwọn tó ń sùn ní ìta ìlú Honolulu, ó rí bàbá tó bí i lọ́mọ. Bàbá yìí gan-an jẹ́ ayàwòrán nígbà kan, àìsàn ọpọlọ ló gbé e dé ìta. Kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Ó kọ oúnjẹ, ó kọ ìtọ́jú. Ọmọ náà kò yéé lọ bá a, fún bí ọdún méjì, títí àyà bàbá náà fi dá a dúbúlẹ̀ lójú títì lọ́dún 2014. Ẹnì kan ló rí i tó pe àwọn tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Àìsáyà 58 ẹsẹ 7 kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe sá fún ẹran ara wa. Ẹni tí Diana Kim ì bá pè ní àjèjì, bàbá rẹ̀ ni.

*Ọlọ́run tó ń béèrè*

Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 16. Hágárì sá lọ sí aginjù, kò nílé, oyún sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé nínú orí náà, Sáráì pè é ní ìránṣẹ́bìnrin mi, Ábúrámù pè é ní ìránṣẹ́bìnrin rẹ. Nínú gbogbo àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ tàbí tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìtàn yẹn, áńgẹ́lì Olúwa ni ẹni àkọ́kọ́ tó dárúkọ rẹ̀. Ó sì bi í pé níbo ló ti ń bọ̀, níbo ló ń lọ. Lẹ́yìn èyí ni Hágárì pe Ọlọ́run ní ẹni tó rí òun.

Jésù náà bi Bátíméù afọ́jú pé kí ló fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ṣé Olúwa kò mọ̀ pé ojú ni afọ́jú máa tọrọ ni? Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ ló fi wọ̀ ọ́ láàárín èrò tó ti ń ní kó panu mọ́.

*Ohun tí a rí kọ́*

1. *Kí a kí èèyàn kí a tó yọ fóònù.* "Ẹ káàárọ̀, mà" kò náni lówó. Tí ẹni náà bá ń sùn, tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ó jẹ́ ọmọdé, kò lè fún wa láṣẹ. Ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà sápò.

2. *Kí a béèrè ohun tó nílò.* Ó lè jẹ́ ibi tí yóò gbé ẹrù sí, omi ìwẹ̀, ibi tí yóò ti gba iná sí fóònù, tàbí ẹni tó máa bá a lọ sílé ìwòsàn. Tí ẹ bá bá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá rárá, ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ sì dúró tì í.

3. *Kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe.* Mátíù 6 ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń pín ráìsì, tí a ní kí opó di àpò mú kó wo kámẹ́rà kó tó gbà á, a ti gba owó ráìsì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mídíà, ara wa ni mò ń bá sọ.

4. *Kí a má dá lọ.* Ìdájí ni, Èkó sì ni. Ẹ mú ẹnì kejì dání, pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Pétérù àti Jòhánù, àwọn méjì ni wọ́n jọ lọ.

5. *Kí a padà lọ.* Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ya fọ́tò náà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

*Ìbéèrè fún àṣàrò*

Láàárín ilé rẹ àti ibi tí o ti ń wọkọ̀, ta lo máa ń rí lójoojúmọ́ tí o kò mọ orúkọ rẹ̀? Ìgbà wo lo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?

*Iṣẹ́ òní*

Lónìí, kí ẹnì kan tó ń gbé ìta, sọ orúkọ tìrẹ fún un, kí o sì béèrè tirẹ̀. Bí kò bá fẹ́ sọ, má fi ipá mú un. Gbàdúrà fún un lálẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé ìyá náà ńkọ́. N kò ní parọ́ fún yín: títí di àárọ̀ yìí, wọn kò tíì rí yàrá. Wọ́n ti ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ yẹn, báàgì wọn sì ṣì wà lẹ́yìn kántà Ìyá Ìjọ. Àwa mẹ́jọ kan ń dá owó ilé jọ, a kò sì ní pariwo rẹ̀ jù báyìí lọ.

Mo ti pa fọ́tò náà rẹ́ lórí fóònù mi àti nínú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo máa padà sórí ìkànnì wa, ọjọ́ ti kọjá, kò ṣeé pa rẹ́ fún gbogbo èèyàn mọ́. Mo ti bẹ àwọn tó wà níbẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. N kò mọ ibi tó tún dé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka àṣàrò yìí, tí fọ́tò ìyá kan tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Pleasure bá wà lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó jáde nílé láàárọ̀ yìí. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí pẹ̀lú. Ìyá ẹnì kan ni.

Mo ti wá mọ orúkọ wọn báyìí. Mo ti sọ ọ́ fún Ìyá Ìjọ bí mo ṣe ṣèlérí. N kò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó rí Hágárì mọ̀ ọ́n.

*Àdúrà*

Baba wa, ìwọ tó ń rí wa, dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a wo ọmọnìkejì wa bí ẹni ń wo àwòrán. Là wá lójú láàárọ̀ yìí. Fún wa ní ẹnu tó ń kíni àti etí tó ń gbọ́, kí o sì fún wa ní ẹsẹ̀ tó máa padà lọ. Gbogbo ẹni tó sùn síta ní Pleasure, ní Ìyànà-Ìpájà, ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgandò lálẹ́ àná, pa wọ́n mọ́, kí o sì fi ọ̀kan nínú wa ṣe ìdáhùn àdúrà wọn. Bo àṣírí ìyá yẹn, Olúwa. Má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ wa tú u. Lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.